Kérésìmesì Tí Mo Fi Ọwọ́ Mi Pamọ́ fún Ọmọ Mi

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ orúkọ àìsàn yìí fún, tí o kò tíì lè pe orúkọ náà síta nínú ilé ara rẹ, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ bí ẹnu ṣe ń gbẹ. Mo mọ bí èèyàn ṣe ń yẹ ara rẹ̀ wò ní balùwẹ̀, bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ní ó ń ṣe mí. Mo sọ ọ́ báyìí láìfi aṣọ bò ó, nítorí ó pẹ́ tí mo ti ń pè é ní làpálàpá, tí mo ń pè é ní ooru, tí mo ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ dídọ̀tí. Kò sí ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyẹn tó wò mí sàn.

Kábbà ni mò ń gbé. Télọ̀ ni mí nígbà náà, ìsọ̀ mi sì wà lójú ọ̀nà ọjà. Ọmọ Mùsùlùmí ni Sàlámátù ìyàwó mi, àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣòwò ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí èmi. Ó ń kírun, èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a kò sì tìtorí ìyẹn jà rí. Bí Iléyá bá dé, a ó lọ jẹ ẹran nílé àwọn àna mi. Bí Kérésìmesì bá dé, Sàlámátù ni yóò se ìrẹsì tí a ó gbé fún gbogbo àdúgbò. Ọmọ kan ni Ọlọ́run fún wa, obìnrin, Bọ́sẹ̀dé ni orúkọ rẹ̀.

Kò sí oṣù tí iṣẹ́ ń pọ̀ lọ́wọ́ télọ̀ tó oṣù Kérésìmesì. Kò sí ìyá tí kò fẹ́ kí ọmọ òun wọ aṣọ tuntun. Àjákù aṣọ a wá kún ilẹ̀ ìsọ̀ mi, pupa lọ́tọ̀, àwọ̀ ewé lọ́tọ̀, olómi ọsàn lọ́tọ̀. Bọ́sẹ̀dé kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí. Abẹ́ tábìlì ni ó máa ń jókòó sí, tí yóò máa ṣa àjákù sínú igbá. Ọdún náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣe Kérésìmesì nílé wa, bí bàbá mi ṣe kọ́ èmi náà ní ìlú wa, Ìyarà. A gé àjákù aṣọ sí onígun mẹ́ta, a rán wọn mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n lè máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà bí àsíá wẹ́wẹ́. A gé imọ̀ ọ̀pẹ, a fi di òpó ilé. A bu amọ̀ létí odò, a fi mọ ibùjẹ ẹran àti Màríà àti Jósẹ́fù àti àwọn àgùntàn.

Ó ń wo àgùntàn tí mo mọ, ó sì bi mí pé, "Bàbá, ṣé èyí ni wọn yóò pa ní Iléyá?"

Sàlámátù rẹ́rìn-ín títí ọmọ odó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Rárá o. Èyí kì í ṣe ti pípa. Jésù ni ó wá kí."

"Ṣé kò ní bù ú jẹ?"

"Kò ní bù ú jẹ."

Ọmọ náà mú àgùntàn amọ̀ ọ̀hún, ó yí ẹnu rẹ̀ sí ògiri kí ó má baà ṣe Jésù léṣe.

Bí a ti ń rán àwọn àsíá náà lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bọ́sẹ̀dé fi àjákù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó na ìka sí mi. "Bàbá, ẹ ti rán ọwọ́ yín mọ́ ọn."

Mo wo ọwọ́ òsì mi. Abẹ́rẹ́ ti gún ìka tó tẹ̀lé ìka kékeré, ó wọlé níhìn-ín, ó jáde lọ́hùn-ún, òwú sì ti wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ti rin àsíá olómi ọsàn kan. Kò dùn mí rárá. Mo fa abẹ́rẹ́ náà yọ bí ẹni fà á yọ lára aṣọ. Ọmọ náà ni ó sunkún, èmi kò sunkún. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọwọ́ télọ̀ ti le. Ṣùgbọ́n mo rántí àmì kan tó wà lókè ìgbọ̀nwọ́ mi ní ọwọ́ òsì kan náà. Ó funfun díẹ̀ ju ara tó kù lọ. Kì í yún mi, kì í dùn mí, òógùn kì í sì í jáde níbẹ̀ bí oòrùn ti wù kí ó mú tó. Ó ti tó ọdún kan tí ó ti wà níbẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí o bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀, má jókòó tì í bí mo ti jókòó tì í. Ṣe ni mo lọ rán ẹ̀wù alápá gígùn fún ara mi. Nígbà ooru, nígbà òjò, mi ò bọ́ ọ. Àwọn èèyàn ní télọ̀ ti di akọ̀wé.

Sàlámátù rí i ní ti rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí a lè fi pamọ́ fún ìyàwó ẹni. Kò pariwo. Ó sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbé omi wàláà wá nínú ìgò, èyí tí àwọn àlùfáà fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára pátákó. Màmá ní, "Ọmọ mi, mu ún, kí o sì fi ìyókù pa ara. Mi ò bi ọ́ ní ohun tó jẹ́." Mo mu ún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà títí di òní, pàápàá nítorí pé kò bi mí.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń dáko ní Ìyarà ni ó fẹ́ fi agbára yanjú rẹ̀. Ó gún èèpo igi kan tó máa ń bó ara, ó ní a ó fi jó àmì náà kúrò, awọ tuntun yóò sì hù. Ó fi lé mi lápá. Mo rí i tí ara ń wú, tí ó ń bó, tí omi ń jáde.

Ó ní, "Fara dà á. Mo mọ̀ pé ó ń ta ọ́."

Mo ní, "Kò ta mí, ẹ̀gbọ́n."

"Kò ta ọ́ rárá?"

"Kò ta mí."

Ó wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ó yí ojú kúrò, ó da ìyókù oògùn náà sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Àwa méjèèjì ti mọ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. A ṣì ní àwọn ọmọbìnrin tí a ó fi fọ́kọ nílé wa." Mi ò bínú sí i. Ohun tí èmi náà ń rò ni ó sọ jáde. Egbò oògùn yẹn pẹ́ lára mi ju ohunkóhun lọ, àpá rẹ̀ ló sì burú jù títí di òní.

Ìlú kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń farasin. Nígbà tí ọdún tó tẹ̀lé e fi dé ìdajì, ìka méjì ti ń ká bọ̀ ní ọwọ́ òsì mi, wọn kò sì lè di aṣọ mú dáadáa mọ́. Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ti ń fura ni ọjọ́ tí bàbá kan, oníbàárà mi àtijọ́, fẹ́ pa òwe ní ìsọ̀ mi. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé adẹ́..." Ojú rẹ̀ bọ́ sí apá ẹ̀wù mi. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ." Ó kí mi, "Okun o," ó sì jáde lọ láìmú aṣọ tó wá gbà. Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá wọlé. Ìtìjú tí ó wà nínú òwe tí wọn kò pa lójú ẹni ju ti èyí tí wọ́n pa lọ.

Kérésìmesì mìíràn dé. Iṣẹ́ kò wọlé mọ́, ṣùgbọ́n Bọ́sẹ̀dé ti kó àjákù aṣọ jọ láti ọdún tó kọjá. Ó ti lè gé e fúnra rẹ̀. Ó ní a kò ní ta tọdún yìí sílé, a ó ta á sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí Jésù lè rí i kí ó tó wọlé. Ó yẹ kí n ti sọ pé rárá. Ojú rẹ̀ ni mo wò. A rán an, ó gùn dáadáa, a sì lọ ta á sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì.

Ní òwúrọ̀ Kérésìmesì, mo wọ ẹ̀wù mi, Bọ́sẹ̀dé wọ kaba pupa, ó ń fò níwájú mi lójú ọ̀nà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, kò sí ohunkóhun lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà yí ilé náà ká láti wá a. Mo tẹ̀lé e. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti bá a. Wọ́n ti kó o jọ sórí ewé gbígbẹ, wọ́n ti dáná sun ún. Èyí tó kù kò ju okùn kúkurú kan lọ, àsíá pupa kan sì wà lẹ́nu rẹ̀ tí iná jẹ kù.

Alàgbà kan nínú ìjọ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èyí ni ó sì burú jù. "Bàbá Bọ́sẹ̀dé, ẹ má bínú. Àwọn ìyá ọmọ ló ń bẹ̀rù. Bí ẹ bá lè máa gbàdúrà nílé títí ara yín yóò fi yá."

Bọ́sẹ̀dé bi í pé, "Ṣé ó dọ̀tí ni?"

Alàgbà fi igi ọwọ́ rẹ̀ da eérú náà rú. Ọmọ náà tún yíjú sí mi. "Bàbá, mo fọ ọwọ́ mi kí n tó gé e. Ẹ̀yin náà fọ ọwọ́ yín. Mo rí yín."

Mo gbé e sí èjìká, a sì gba ẹ̀yìnkùlé padà sílé kí a má baà pàdé àwọn tó ń bọ̀ pẹ̀lú aṣọ tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣọ yẹn, èmi kọ́ ni mo rán wọn. Ìyẹn gan-an kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ mi rò pé ìdọ̀tí ọwọ́ òun ni ó fa iná.

Ọjọ́ yẹn ni Sàlámátù sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo ti dákẹ́ nítorí ojú yín. Ó tó gẹ́ẹ́. Ilé ìwòsàn ni a ń lọ."

Ọ̀nà jìn, inú lọ́rì tó kó iṣu ni a wọ̀. A kúrò nílé ní àfẹ̀mọ́jú, síbẹ̀ a bá èrò nílẹ̀ tí wọ́n ti tò bí ìlà èèrà. A jókòó sórí ilẹ̀ nínú ọyẹ́. Ẹni tó ń to èrò wò mí, ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹnìkejì rẹ̀ ní èdè Hausa, ó rò pé mi ò gbọ́. Kúturú ni ó pè mí, ìyẹn adẹ́tẹ̀. Kò sí ará ìhà ọ̀dọ̀ wa tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn tó wà níwájú àti lẹ́yìn mi sún, àyè gbòòrò wá wà yí mi ká, èmi àti Sàlámátù nìkan wà láàárín rẹ̀. Mo ní kí ó sún fún mi. Ó ní, "Níbo ni kí n sún sí?" Ó sì tún sún mọ́ mi sí i.

Dókítà fi ìyẹ́ adìẹ kàn mí lára, ó ní kí n di ojú kí n máa sọ ibi tí ó ti kàn mí. Nígbà tí mo la ojú, mo rí i pé ó ti kàn mí ní ọ̀pọ̀ ibi tí mi ò sọ. Nọ́ọ̀sì ló túmọ̀ fún wa. Ó ní ẹ̀tẹ̀ ni, ó ní oògùn oníhóró wà fún un, ó ní kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n yẹ Sàlámátù wò, wọ́n yẹ Bọ́sẹ̀dé wò lẹ́yìn náà, ara wọn mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Nọ́ọ̀sì tún ní bí mo bá ti tètè wá ni, àwọn ìka yẹn ì bá má ká. Mo tẹ orí ba.

Wọ́n ní kí n wá máa gbé ní àgọ́ ìtọ́jú nítorí egbò mi. Sàlámátù ta máṣíìnì mi kí oúnjẹ lè wà nílé. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ta èlùbọ́. Èmi ọkọ, aya mi ló ń bọ́ mi. Bí o bá dé ibẹ̀, ìwọ náà yóò mọ irú ìtìjú tí mò ń sọ.

Ní àgọ́, a ń dáko díẹ̀, a ń gba oògùn, a ń dúró. Oògùn náà kì í ṣe idán. Ó máa ń pẹ́, àwọn kan sì sá lọ nítorí pé ó pẹ́. Má sá lọ. Kérésìmesì bá wa níbẹ̀, àwọn aláìsàn sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọ̀ṣọ́ sílé bí gbogbo èèyàn. Ní ọjọ́ náà, mo gbọ́ ohùn ọmọ kan lójú ọ̀nà tó ń béèrè pé, "Níbo ni bàbá mi wà?" Mo mọ ohùn náà. Mo sá wọ ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo sì lẹ̀ mọ́ ògiri. Mi ò fẹ́ kí ó rí bí ọwọ́ mi ti dà.

Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ń dáná, ará Amúrò ni, kò ní ìka kankan tó pé mọ́. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ta lò ń sá fún?"

"Ọmọ mi ni, màmá. Ojú ń tì mí."

"Ojú ń tì ọ́." Ó koná. "Ta ni ojú kò tì níbí? Mo bí mẹ́rin. Láti ìgbà tí mo ti wà níbí, kò sí èyí tó wá béèrè pé níbo ni ìyá òun wà. Tìrẹ ń béèrè. Dìde níbẹ̀."

Mo dìde. Mo ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ ẹ̀wù kí n tó jáde. Bọ́sẹ̀dé ti ga. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí pé ó ti gbàgbé bí a ṣe ń kí mi, Sàlámátù sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ọmọ náà gbé igbá àjákù aṣọ sílẹ̀. Ó ti tọrọ wọn lọ́wọ́ télọ̀ mìíràn.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Màmá kò mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Mi ò lè ṣe é mọ́."

"Kí ló dé?"

Ó fa apá ẹ̀wù mi, ọwọ́ náà sì yọ síta. Ó wò ó pẹ́. Mo ń retí pé kí ó sá. Ó ní, "Ó dà bí ẹsẹ̀ adìẹ." Ọ̀rọ̀ náà gún mi, ó sì mú mi rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ọ̀sì ti ní kò séwu kí ó jókòó tì mí. Ó ń gé aṣọ, mò ń sọ fún un bí yóò ṣe gé e. Ó ń rán, mò ń sọ fún un ibi tí okùn yóò gbà. Èmi tí mo kọ́ ọ, ẹnu lásán ni mo fi ń ṣe é. Ojú tì mí ní gbogbo ìgbà tí a fi jókòó níbẹ̀. Mi ò sọ fún un.

Ọdún mélòó kan ni mo fi lo oògùn kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sílé, pé mi ò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. Bí mo ti wà lónìí nìyí: àmì apá mi ti pa dà dúdú díẹ̀, egbò ti jinná, ìka méjì ṣì ká. Mi ò ránṣọ mọ́, mò ń bá Sàlámátù ṣòwò èlùbọ́. Bọ́sẹ̀dé ti wà ní ilé ẹ̀kọ́. Àwọn kan ní ìlú ń bọ̀ mí lọ́wọ́, àwọn kan ń kí mi láti òkèèrè. Ọdún tó kọjá, Bọ́sẹ̀dé gbé ìrẹsì Kérésìmesì yí àdúgbò ká, mo sì rí i lójú ara mi tí aládùúgbò kan da tirẹ̀ fún ajá. Mi ò sọ fún ọmọ náà. Mo rò pé ó rí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ọkùnrin àgbẹ̀ kan wá láti Ifẹ̀-Olúkòtún. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó kí wa kú ọdún, ó jẹun, ó yin ọ̀ṣọ́ tí ọmọ mi ta sẹ́nu ọ̀nà, kò sì lọ. Nígbà tó ku àwa méjì, ó ní, "Wọ́n ní ẹ ti lọ síbì kan, ẹ sì padà wá." Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi. Àmì náà kéré, kò tíì tó àtẹ́lẹwọ́.

Ó ní, "Mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi. Èmi nìkan kò lè dá lọ tò síbẹ̀."

Mi ò fẹ́ rí ibẹ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún pè mí ní ohun tí wọ́n pè mí lójúde ilé ìwòsàn. Mo sọ fún un pé a ó jọ lọ.

Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, a wọ lọ́rì pẹ̀lú àwọn tó ń padà lẹ́yìn ọdún. Obìnrin kan tó jókòó tì mí rí ọwọ́ mi, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ sí itan kejì. Ojú tì mí, ó tì mí bí ìgbà àkọ́kọ́. Mi ò sọ̀ kalẹ̀.